Luna Ti Kú, Ljubinka Ń Ṣe Ìyàwó

Vienna, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní, 1998

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín tó ń dùn yín, mo kí àwọn adìẹ yín, mo sì kí Milunka aládùúgbò wa, tí mo mọ̀ pé ó ti dúró lẹ́yìn yín báyìí kí ó lè bá yín ka lẹ́tà yìí. Ẹ jókòó ná. Mo ti lọ́kọ.

Mo tún un kọ kí ẹ má baà rò pé ojú yín ló ń ṣe yín: mo ti lọ́kọ. Lọ́jọ́ Sátidé ni a lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, àwa méjì àti ẹlẹ́rìí méjì, kò gbà ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, nígbà tí a fi máa jáde òjò dídì ti ń bọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn, mi ò sì tíì jáwọ́ títí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, àwọn ará yàrá kejì ti gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Tihomir lorúkọ rẹ̀. Ọmọ agbègbè Užice ni, láti orí òkè lọ́hùn-ún, iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe níbí. Ó ga, ìyẹ̀fun kì í kúrò nínú irun ojú rẹ̀, etí ọ̀tún rẹ̀ ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ nítorí ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ti ń pariwo sí i fún ọdún mẹ́tàlá. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé, mo sọ fún un pé èmi ni Luna. Ó ní, "Ó dáa. Èmi ni Tihomir." Ó wá bi mí bóyá mo ti jẹun. Màmá, ní gbogbo ọdún méjìlá tí mo ti ń kọrin, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí máníjà mi Nebojša máa ń bi mí ni ohun tí mo jẹ, kí ó lè rí nǹkan bínú sí.

Ohun kejì nìyí, kí n tó gbàgbé: mi ò kọrin fún Nebojša mọ́. Ẹ má pariwo. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tó rí mi ní ilé ọtí ẹ̀bá títì, tí mo ń kọrin fún àwọn awakọ̀ tírélà, ó ní irun mi dúdú jù, orúkọ mi gùn jù, ohùn mi ki jù. Ó sọ mí ní Luna. Ó fi wíìgì aláwọ̀ wúrà dé mi lórí, ó gbé ohùn mi lọ fún ẹ̀rọ kan ní Belgrade, ẹ̀rọ náà sì fọ̀ ọ́ títí tó fi tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, kásẹ́ẹ̀tì ló ń kọrin, èmi ń yanu. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí iná lọ ní Zaječar, tí orin dákẹ́ tí ẹnu mi ṣì ń lọ? Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé ara eré ni. Ogójì orin ni mo kọ nípa ọkùnrin onímọ́tò ńlá tó já mi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí onímọ́tò kankan tó já mi sílẹ̀ rí. Mi ò ráyè.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Ìgbéyàwó ìjọba la ṣe yìí, ti ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, abúlé wa ni mo sì fẹ́ kí ó ti wáyé, ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Àjíǹde, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin. Mo fẹ́ kí Tihomir wá sẹ́nu géètì wa pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, kí ó yìnbọn lu ápù tí a bá so sókè ilé kí a tó ṣí géètì fún un, bí àṣà wa, kí ẹ kọ́kọ́ mú ìyàwó èké jáde láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú mi jáde láti ilẹ̀kùn ńlá iwájú. Mo mọ̀ pé ẹ kò tíì ṣí i rí láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà, pé ilé ìdáná ẹ̀yìn lẹ ń gbé kí yàrá mọ́kànlá má baà dọ̀tí. Ẹ ṣí i fún mi lọ́jọ́ kan péré. Bí ẹ ò bá fà mí lé e lọ́wọ́, mi ò ní gbà pé mo ti lọ́kọ tán.

Ọmọ yín, ìyàwó tuntun,
Ljubinka


Gornja Kleka, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì, 1998

Ljubinka,

Žika awakọ̀ bọ́ọ̀sì fún mi ní lẹ́tà rẹ. Mo gbọ́ ìkíni. Orúnkún mi ti burú sí i láti ìgbà tí mo ti kà á. Milunka kò dúró lẹ́yìn mi o, iwájú mi ló jókòó sí, ó ní kí n tún ìlà kejì kà sókè.

O dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ìgbà tí o máa sọ̀rọ̀, o ti lọ́kọ. Ẹyọ ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò tíì gbọ́ orin rẹ rí ní gbogbo Yúróòpù, torí pé etí rẹ̀ di ni, òun ni o lọ fẹ́. Mo ti sọ fún abúlé pé agbábọ́ọ̀lù kan ló ń lé ọ káàkiri. Kí ni kí n sọ báyìí, pé ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun? Nígbà tí rédíò bá ń pe orúkọ rẹ, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù. Àlùfáà máa ń dúró dè mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìsìn. Ìwọ rò pé ìwọ nìkan lo ń ṣe Luna.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkúta ibojì wa ló ń dùn mí jù. Oníṣẹ́ òkúta ti parí rẹ̀ láti ìgbà ìkórè, mo fẹ́ kí ó bá ọ lójijì nígbà tí o bá wálé ni mi ò ṣe sọ. Òkúta dúdú ni, ó ń dán bíi dígí. Àwòrán bàbá rẹ wà lápá òsì pẹ̀lú katakata rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. Èmi wà láàárín pẹ̀lú ìborí mi. Ìwọ wà lápá ọ̀tún, odindi rẹ, láti orí dé bàtà onígìgísẹ̀ gogoro, máìkì lọ́wọ́. Ọdún tí a bí wa ti wà níbẹ̀, mo ní kí wọ́n fi ti ìparí sílẹ̀ fún èmi àti ìwọ, bí gbogbo ẹni tó gbọ́n tó ń gbẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì lè rí i ṣe ń ṣe. Ìdílé tó gbẹ́ mọ́tò Mẹ̀sí sára tiwọn ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ibi ìsìnkú báyìí, ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n gba iwájú tiwa.

Obìnrin tó bá lọ́kọ, àárín àwọn èèyàn ọkọ ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn yóò gbé ọ gun òkè Užice lọ. Ta ni yóò wá dùbúlẹ̀ tì mí, Ljubinka? Àwòrán?

Mi ò ṣí ilẹ̀kùn fún ìgbéyàwó kankan. Nebojša ní o ṣì lè padà kí ooru tó dé. Padà.

Ìyá rẹ,
Persida


Vienna, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, 1998

Màmá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìbínú. Mo ka lẹ́tà yín sí Tihomir létí òsì, èyí tó ń gbọ́ràn. Ó rẹ́rìn-ín níbi mọ́tò Mẹ̀sí, ó ní kí n tún ibi tí ẹ ti bèèrè ẹni tó máa dùbúlẹ̀ tì yín kà. Ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn, òun ò sì rí ìdáhùn sí i. Èmi náà ò rí i. Mo ti múra láti bínú sí yín dáadáa, ẹ wá fi ìyẹn sínú lẹ́tà, ìbínú náà ò dùn mọ́.

Síbẹ̀, bàtà yẹn lẹ gbẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀? Bàtà tó ti gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìtàgé, òun ni kí n wọ̀ títí ayérayé? Ẹ bi mí nípa òkúta, ẹ bi mí nípa abúlé, ẹ ò bi mí bóyá inú mi dùn. Ó dùn, Màmá. Mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé búrẹ́dì báyìí. Mo ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná pẹ̀lú wàràkàṣì láàárọ̀, mo ti sanra, bọ́tìnnì síkẹ́ẹ̀tì mi ti fò lọ, mi ò wá a. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun mo máa ń kọrin, ohùn mi àtijọ́ ti padà, Tihomir á sì yí etí òsì rẹ̀ sí mi bí ẹni tó ń yá oòrùn.

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo ń dúró de bọ́ọ̀sì Žika ní gáréèjì. Mi ò nílò lẹ́tà gígùn. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ ó ṣílẹ̀kùn.

Ljubinka yín


Vienna, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, 1998

Màmá,

Mi ò kí yín lónìí. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta dé láìsí lẹ́tà, bọ́ọ̀sì tòní gbé ìwé ìròyìn dé. Žika ò lè wo ojú mi, ó nà án sí mi láti òkèèrè bí ẹni tó rí iwin.

"Luna kú ní Vienna" ni wọ́n kọ, lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó àtẹ́lẹwọ́ mi, àwòrán òkúta wa sì wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹbí ń bo ikú náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ti gbẹ́ òkúta. Wọ́n ní ìfẹ́ ló pa mí.

Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa tó wá ra búrẹ́dì lónìí ló ń sunkún. Obìnrin kan tó máa ń bú orin mi di tábìlì mú, ó ní, "Ìwọ oníyẹ̀fun yìí, ṣé o tiẹ̀ mọ ẹni tó kú?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ó ní irú mi ò lè mọ irú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo di búrẹ́dì rẹ̀ fún un, mo wá wọ ẹ̀yìn ilé lọ, mo sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti lọ́kọ.

Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn? Ṣé torí pé mo kọ̀ láti padà ni? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi, mo ti ṣe tán. Ẹ má sin mí kí ẹ má baà fà mí fọ́kọ.

L.


Gornja Kleka, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta, 1998

Ọmọ mi,

Nu ojú rẹ. Kò sẹ́ni tó sin ọ́.

Ọmọ Belgrade kan ló wá sí ìsìnkú ẹlòmíràn níbí, oníwèé ìròyìn ni, ó rí òkúta wa, ó ya á. Ará ìlú ńlá, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé gbogbo abúlé yìí ló ti gbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀? Kò tilẹ̀ wò ó pé ọdún ìparí ò sí níbẹ̀. Bí ó bá rìn wọ inú díẹ̀ sí i ni, ì bá kọ ọ́ pé Milunka náà ti kú, àti olórí abúlé.

O ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta dé láìsí lẹ́tà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, agídí ni. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ ò jẹ́ kí n ráyè. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dé pẹ̀lú àlìkámà sísè tí a máa ń jẹ fún òkú, wọ́n ń mu kọfí mi, wọ́n ń fi aṣọ ìnuwọ́ mi nu imú. Mo ní ó wà láàyè, ó ń ṣe búrẹ́dì, ó ti sanra. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ìbànújẹ́ ti da orí ìyá rẹ̀ rú. Àlùfáà ti fi ojú ara rẹ̀ ka lẹ́tà rẹ, ó mọ òótọ́, síbẹ̀ ó bù nínú àlìkámà náà, ó ní kò yẹ kí ó ṣòfò.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni Nebojša dé. Ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, ó dojú kọ kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu géètì, ó sunkún. Wọ́n ní ẹkún náà ò hàn dáadáa, ó tún un sun. Ó wá bá mi ní ilé ìdáná, ó bọ́ awò dúdú rẹ̀, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Persida, lọ́jà kásẹ́ẹ̀tì, Luna tó wà láàyè ti ń tiro. Luna tó kú ń sáré. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ìgbà ooru."

Mo bi í bóyá ó ti wá ọ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé o kú. Ó ní kí ni òun fẹ́ wá lọ, ṣebí òun mọ̀ pé o ò kú. Mo gbé ìgbálẹ̀.

Nígbà tó sá lọ tán, mo gun òkè lọ sí ìdí òkúta, mo wò ó pẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Imú rẹ̀ kì í ṣe imú ìdílé wa. Wọ́n ti pa àpá iwájú orí rẹ rẹ́, èyí tí o gbà nígbà tí o já bọ́ lórí igi ṣẹ́rì. Láti ìgbà ìkórè ni mo ti ń gun òkè lọ kí àlejò.

Ibi tí o máa sùn níkẹyìn, a óò jà sí i lọ́jọ́ mìíràn. Wá ná, kí wọ́n rí ọ. Ilẹ̀kùn iwájú ti há, Milunka ń fi epo sí i lẹ́nu. Ó ní òun ni yóò ṣe ìyàwó èké. Mo ní kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ìdí tí òun fi fẹ́ ṣe é nìyẹn. Sọ fún ọkọ rẹ pé ápù náà máa ga. Ti etí rẹ̀ mo ti gbọ́. Ojú rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá rẹ,
Persida


Vienna, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta, 1998

Màmá mi, Màmá mi,

Ojú rẹ̀ ríran. Mo fò mọ́ Žika lọ́rùn níwájú gbogbo èrò ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. A ń bọ̀.

Ljubinka


Vienna, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, 1998

Màmá mi àtàtà,

A dé láyọ̀, ẹsẹ̀ mi ṣì ń jó lábẹ́ tábìlì. Mo mọ̀ pé ojú yín ni gbogbo rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún yín, nítorí mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọ ilé búrẹ́dì yìí, bí mo ṣe ń sọ ọ́ tó ló ń dùn sí i.

Ìbọn kẹrin ló gbé ápù. Ti àkọ́kọ́ ló ṣẹ́ etí ọ̀tún ọ̀kan nínú kìnnìún olókùúta tó wà lórí géètì wa, Tihomir ní òun àti kìnnìún náà ti di ìbejì. Mo ń wò láti ojú fèrèsé nígbà tí ẹ mú Milunka jáde tí ìbòrí ìyàwó bò ó dé ìdí. Tihomir ṣí i, ó ní òun mọyì rẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n ìyàwó tòun ò ní gbà kí òun ní méjì, gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín bó ṣe yẹ. Ẹ wá mú mi jáde, èmi tí kò dé wíìgì, tí kò kun ojú, pẹ̀lú irun dúdú mi àti gbogbo búrẹ́dì tí mo ti jẹ láti oṣù kìn-ín-ní. Tihomir ṣí ìbòrí mi. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mo rò pé ẹwà mi ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, àfi ìgbà tí ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ pé, "Ìyàwó èké kejì rèé. Ẹ mú ojúlówó jáde, ebi ń pa wá."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè bínú. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní Luna ga jù mí lọ, wọ́n ní ó tilẹ̀ ti kú, wọ́n ní ẹ ti háyà ọmọ ẹlòmíràn láti fi tu ara yín nínú. Ẹ fi àpá iwájú orí mi hàn wọ́n, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, Luna ò ní àpá, gbogbo àwọn ni àwọn ti rí òkúta rẹ̀. Nebojša, tó gbé òdòdó òkú wá fún tẹlifíṣọ̀n, wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó mọ̀ mí, Màmá, mo rí i lójú rẹ̀. Ó sì búra níwájú àlùfáà pé òun ò rí mi rí.

Ni wọ́n bá ní kí n kọrin. Mo kọ èyí tó lókìkí jù, láìsí máìkì, láìsí ẹ̀rọ, pẹ̀lú ohùn tí mo jogún lọ́dọ̀ yín. Ìyá arúgbó kan nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n kọ ju Luna lọ. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òun ni."

Ìgbà yẹn ni mo yíjú sí yín. Mo rò pé ẹ máa bá wọn jà títí wọ́n á fi gbà, àbí pé ẹ máa fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wọlé. Mo mọ ohun tí Luna jẹ́ fún yín. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ sì sọ ọ́ sókè tó fi jẹ́ pé etí ọ̀tún Tihomir pàápàá gbọ́ ọ: "Ó dáa. Luna yín kú. Èyí ni Ljubinka, èmi ni mo bí i, mo sì ń fà á lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ̀fọ̀, ibi ìsìnkú wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kí ó wọlé."

Gbogbo wọn ló wọlé. Àwọn tó ń sunkún náà wọlé, wọ́n kàn rọra jó ni. Nebojša jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun abọ́ méjì, ó sì ṣe ìdárò láàárín méjèèjì.

Mo ti lọ́kọ tán báyìí, Màmá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ṣì wà lọ́kàn mi, èyí tí Tihomir ò rí ìdáhùn sí. Mi ò gbàgbé rẹ̀.

Ljubinka


Gornja Kleka, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, 1998

Ljubinka ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ létí méjèèjì. Ara mi le. Yàrá mọ́kànlá ti dọ̀tí tán lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí náà mo ti kó wọ inú ilé, kí ni mo tún ń tọ́jú?

Má fi ìbéèrè yẹn da ara rẹ láàmú mọ́. Mo pe oníṣẹ́ òkúta, mo ní kí ó kọ ọdún ìparí sí abẹ́ Luna. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní gbogbo orílẹ̀-èdè ti gbà, kí ló kù tó ń rò? Ó ti kọ ọ́. Lọ́jọ́ tó bá kàn mí, ẹnì kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lápá ọ̀tún, ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró jẹ́ẹ́. Ìwọ lè bá ọkọ rẹ gun òkè rẹ̀ lọ nígbà tó bá yá, kí ó pẹ́.

Ọjọ́ Sátidé làwọn ọmọbìnrin máa ń wá sí ìdí òkúta, láti Bor, láti Negotin, gbogbo wọn ti pa irun láró bíi tirẹ̀. Wọ́n ń fi ẹnu wọn tó pupa ko òkúta lẹ́nu, èmi ń nù ún lọ́jọ́ Àìkú. Mo ń se kọfí fún wọn. Bí wọ́n bá bi mí nípa rẹ̀, mo máa ń parọ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ti fún un ní agbábọ́ọ̀lù méjì.

Ṣùgbọ́n lánàá, ọ̀kan dá dúró nígbà tí àwọn tó kù ń ya fọ́tò. Zorka lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bàtà ti bó o lẹ́sẹ̀. Ó ní Nebojša ti rí òun, ó ti ní kí òun wá sí Belgrade lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ó tilẹ̀ ti bá òun gba ìwé ìrìnnà kí òun lè wá máa kọrin ní Vienna. Ó wá bi mí bóyá inú Luna dùn nígbà ayé rẹ̀.

Mi ò lè parọ́ fún ìyẹn. Mo ní rárá, kò dùn. Mo ní ṣùgbọ́n ó ní àbúrò kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, tó ń ṣe búrẹ́dì, kí ó lọ wo ìyẹn dáadáa kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, lẹ́yìn náà kí ó ṣe èyí tó bá wù ú.

Gbé ojú sókè, Ljubinka. Òun ló nawọ́ lẹ́tà yìí sí ọ.

Ìyá rẹ,
Persida